Ìrẹsì Tí O Dà Nù Níwájú Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Rẹ

Sìdíkátù,

Ká kọ́kọ́ yanjú ohun tó wà láàárín wa ná, ìkíni lè dúró. Kúlà aláwọ̀ búlúù tí o gbàgbé sí kíṣìnnì mi wà níbí, mo ti fọ̀ ọ́, mo ti nù ún gbẹ. Bàtà òjò Yónà wà nínú rẹ̀. Àwọn ìwé àwòrán tí Hánà yá ní láíbìrì àdúgbò mi, mo ti dá wọn padà. Nítorí náà, èmi ò jẹ ọ́ ní nǹkan kan. Ìwọ lo jẹ mí. O jẹ mí ní "ẹ kú iná dídá, Mọ́mì, ẹ má bínú." Níwájú àwọn ọmọ méjèèjì lo ti jẹ ẹ́, níwájú àwọn ọmọ méjèèjì náà lo ti máa san án.

Ó tó. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Dáníẹ́lì ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ẹ̀rọ amúlégbóná yín ti ń ṣiṣẹ́? Mo ti kí ọ.

Mo mọ̀ pé o máa ní ọ̀rọ̀ ìrẹsì ò tó ohun tí à ń tìtorí ẹ̀ kọ lẹ́tà. Lórí tẹlifóònù, bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ dùn ọ́, wàá ní "Mọ́mì, Yónà ń sunkún," ìlà á sì kú. Lẹ́tà kì í gbọ́ ẹkún Yónà. Jókòó kà á.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kó má di pé ọ̀nà míì lo máa gbà sọ ọ́ fún Dáníẹ́lì. Nígbà tí o fẹ́ ẹ, tí o sì bá a wọ ẹ̀sìn àwọn Júù, a ja ìjà yẹn títí ó fi rẹ àwa méjèèjì. Mi ò tún un jà mọ́. Nígbà tí ẹ kó lọ sí Woodridge nítorí iṣẹ́ rẹ̀, tí ilé-ìwé àwọn Júù wá jìnnà sí yín, o ní ìwọ fúnra rẹ á máa kọ́ àwọn ọmọ nílé. Mo ní ó dáa. Mo ní kí o máa gbé wọn wá bá mi ní Albany Park ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí n máa kọ́ wọn ní Yorùbá àti ìṣirò ní ṣọ́ọ̀bù mi, kí ìwọ náà lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lọ́jọ́ kan. O ní, "Mọ́mì, oúnjẹ ńkọ́?" Mo ní mo ti gbọ́.

Mo gbọ́ lóòótọ́ o! Èmi tí ẹlẹ́dẹ̀ ò kan kòkò mi rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ kòkò, o ní kòkò mi ò mọ́ tó fún ọmọ rẹ, mo sì gbà. Mo lọ ra kòkò tuntun méjì, ti ẹran àti ti wàrà, àti ṣíbí tuntun. Mo yọ edé kúrò nínú ọbẹ̀. Mo yọ ẹja àrọ̀, nítorí o ní kò ní ìpẹ́. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sọ́dọ̀ alápatà àwọn Júù láti ra adìẹ. Nígbà tí ó dá iye lé e, mo bojú wo inú àpò náà bóyá méjì ló fún mi. Ẹyọ kan ni. Mo sanwó, nítorí Hánà àti Yónà ni.

Sọ́ńdè tí ẹ wá kí mi yẹn, mo fi adìẹ náà se ìrẹsì pupa. Bó ṣe jinná, mo ṣe ohun tí ìyá mi ń ṣe, tí èmi náà ń ṣe fún ọ láti kékeré, tí o máa ń wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò nítorí ẹ̀: mo ju bọ́tà díẹ̀ sí i lórí kó lè ta sánsán. Kò wá sọ́kàn mi páàpáà. Ọwọ́ mi ló ṣe é, kì í ṣe orí mi. A bu oúnjẹ. Hánà fi imú gbóòórùn rẹ̀, ó fi Yorùbá rẹ̀ tí kò mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀ yẹn béèrè pé, "Gíránmà, kí ló ń rùn dáadáa báyìí?"

Inú mi dùn. Mo ní, "Bọ́tà ni, Àbẹ̀ní mi. Bọ́tà gidi."

Ọmọ náà gbé ṣíbí kalẹ̀, ó wò ọ́ lójú. Ìwọ dìde, o kó àwo kúrò níwájú wọn, o da ìrẹsì sínú ike ìdọ̀tí, o da ti inú kòkò lé e, o wá so ọrùn ọ̀rá náà pinpin bí ẹni pé òkú eku ló wà níbẹ̀. O ní, "Mọ́mì, mo ti sọ fún yín. Wọn ò ní lè máa jẹun níbí mọ́."

Yónà ní, "Ṣé oúnjẹ Gíránmà ti bàjẹ́ ni?"

O ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Bẹ́ẹ̀ ni! Sìdí, oúnjẹ mi bàjẹ́? Oúnjẹ tó tọ́ ọ dàgbà?

Gbọ́ mi dáadáa. Bọ́tà tó jẹ́ wàrà, tí mo dà pọ̀ mọ́ adìẹ, èmi ni mo ṣe àṣìṣe, mo sì gbà. Mi ò bínú sí òfin yín. Ẹni tó ti ń gbààwẹ̀ láti kékeré ò ní bá ẹlòmíràn jà nítorí ohun tí kò fẹ́ jẹ. Tíṣà ni mò ń bínú sí. Ọmọ tó ń lọ sílé-ìwé ìjọba, bí ìyá rẹ̀ bá ṣìwà hù lálẹ́, yóò rí tíṣà míì wò láàárọ̀. Àwọn tìrẹ, ta ni wọ́n ní? Ìwọ ni tíṣà, ìwọ ni ọ̀gá ilé-ìwé, ìwọ ni ẹni tó ń lu agogo. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ilé yín sì ni gbogbo ọjà ẹ̀ṣọ́ wọn. O ṣí ilé-ìwé lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn láìmọ̀. O kọ́ wọn pé ilé ìyá ìyá wọn jẹ́ ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́, pé bí àgbà bá ṣàṣìṣe, a kì í bá a sọ̀rọ̀, ọ̀rá là ń so. Ẹ̀kọ́ yẹn á pẹ́ lórí wọn ju Hébérù lọ, nítorí wọ́n rí i lójú, wọ́n gbọ́ ọ létí.

Kí ló ní kí o má sọ pé, "Ẹ dúró, ẹ̀yin ọmọ. Hánà, ṣàlàyé fún Gíránmà ìdí tí a kì í fi í da ẹran pọ̀ mọ́ wàrà"? Ọmọ náà ìbá dìde dúró bí lọ́yà. Èmi ìbá jókòó, màá bi í ní ìbéèrè, màá bá a jiyàn díẹ̀, kí ohun tó kọ́ lè wọ̀ ọ́ lára. Ìwọ ìbá gé búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún wọn jẹ. Kòkò ìrẹsì ìbá wà lórí ààrò fún èmi Mùsùlùmí tí adìẹ àti bọ́tà kì í jà nínú ikùn rẹ̀. Oúnjẹ ò ní ṣòfò, ojú ò ní tì mí, ẹ̀kọ́ á sì wọlé. Ohun tí wọ́n ń pè ní kíkọ́mọ nílé nìyẹn. Kì í ṣe ìwé nìkan.

Bí mo sì ti la ẹnu báyìí, jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí nígbà tí mo wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ yín. Nígbà yẹn mo pa ẹnu mọ́ nítorí ilé ọkọ rẹ ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà, orí ọmọ wọ́, mi ò sọ̀rọ̀. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, ó ti parí lónìí.

Èkíní, ilẹ̀kùn. Ìwọ ń kọ́ Hánà ní ìṣirò, tẹlifóònù dún, o gbé e. O padà dé, aṣọ ti gbẹ nínú ẹ̀rọ, o lọ kó o. Yónà wà lábẹ́ tábìlì, ó ń fi kíréyọ́ọ̀nù kun ẹsẹ̀ àga. Títí di ọ̀sán, ojú ìwé kan náà lẹ wà. O rántí nígbà tí o wà ní kékeré, tí áfáà ilé kéwú fi ẹgba nà ọ́, tí mo fi ìbínú yọ ọ́ kúrò? Mo ní èmi fúnra mi á kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù. Mo bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Oníbàárà dé, mo ní "dúró ná, Sìdí." Òmíràn dé, mo ní "máa kà á lọ." Nígbà tí bàbá mi wá kí wa, tó ní kí o ka Fátíhà fún òun, o kà á dé àárín, o dúró. Bàbá wò mí. Wọ́n ní, "Rámátù, ọmọ yìí mọ iye ṣúgà, ó mọ iye mílíìkì, kò mọ Fátíhà." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà fi ẹnu rẹ́rìn-ín. Nígbà míì mo máa ń bi ara mi pé, ká ní mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yẹn ni... Jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí o ti ilẹ̀kùn. Fa wáyà tẹlifóònù yọ. Ìwọ̀nba àárọ̀ tí ilẹ̀kùn tì sàn ju odindi ọjọ́ tí ó ṣí sílẹ̀ gbàgàdà. Kí wọ́n wẹ̀, kí wọ́n wọṣọ, kí wọ́n jókòó. Ọmọ tó bá wọ aṣọ ìsùn, oorun ló máa kọ́.

Èkejì, Hébérù yẹn. O máa ń fi í sí ìrọ̀lẹ́, nígbà tí orí Hánà ti gbóná, tí tìrẹ náà ti ń fọ́. Ó ń sunkún sórí ìwé, ìwọ ń jágbe. Ta ló ń gbin iṣu lọ́sàn-án gangan? Àárọ̀ kùtùkùtù ni ká fi í sí, lẹ́yìn àdúrà wọn, kó má pẹ́, kó má sì jẹ́ ọjọ́ kan tí wọn ò ṣe é. Kí wọ́n pariwo kà á. Ní ilé kéwú wa, ẹni tó bá ń fọkàn kàwé, áfáà á rò pé ó ń sùn ni. Hánà fi lẹ́tà wọn hàn mí: álẹ́fù, bẹ́tì. Mo ní, "Àbẹ̀ní, èmi náà ní àlífù, mo ní báù." Ó la ẹnu, ó ní, "Gíránmà, ṣé ẹ̀ ń jí tiwa wò ni?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọ̀tún ni wọ́n ti ń kọ ọ́ bọ̀, bíi tiwa. Ọmọ tó lè ṣe irú àwàdà bẹ́ẹ̀, kì í ṣe olódo. Àkókò ni ò bá a mu.

Má tún ra àpótí ìwé míì láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi í ránṣẹ́ nípòósì. Èyí tí o rà yẹn, Kérésìmesì kún inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìwọ ń fa ojú ìwé ya bí ẹni ń ṣa ewédú. O sanwó, o tún ń fi iṣẹ́ kún un. Láíbìrì wà. Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ọjọ́ tí wọn kì í gba owó, wádìí rẹ̀. Ìwé Ànábì Mùsá wà nílé yín, ẹ̀kọ́ ìtàn, ẹ̀kọ́ ilẹ̀ ayé, odò, aṣálẹ̀, ọba Íjíbítì, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ya àwòrán ilẹ̀, kí wọ́n tọ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó dáa jù tí mo rí nílé rẹ, ìwọ ò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni. Ọjọ́ Jímọ̀ tí ẹ ń múra Sábáàtì, o lé àwọn ọmọ kúrò ní kíṣìnnì, o ní kí wọ́n lọ wo tẹlifíṣàn, o ń ṣe búrẹ́dì tí ẹ máa ń dì bí irun. Kí ló dé! Ìyẹ̀fun tí à ń wọ̀n ní kọ́ọ̀pù àti ìdajì kọ́ọ̀pù, ìṣirò ni. Ìwúkàrà tó ń mú un wú, sáyẹ́ǹsì ni. Àkókò tí oòrùn máa wọ̀ kí Sábáàtì tó bẹ̀rẹ̀, tó ń yí padà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, jẹ́ kí Hánà máa kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà, kó rí bí ọjọ́ ṣe ń gùn tó sì ń kúrú. Dídì náà, ọmọ Yorùbá ni ìyá rẹ̀, ó yẹ kó lè di búrẹ́dì ní ṣùkú. Kí gbogbo iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ máa rìn lọ sí ọ̀dọ̀ Sábáàtì. Kí Hánà mọ̀ pé lórí tábìlì alẹ́ yẹn lòun ti máa ka ohun tí òun kọ́ fún bàbá òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe Àjọ Ìrékọjá. Iṣẹ́ mímú gbogbo ilé mọ́ kí àjọ náà tó dé pọ̀ ju kó jẹ́ ìyá nìkan ló ń ṣe é, tí ọmọ ń wòran.

Mo dé orí Dáníẹ́lì. Mi ò ní bú u. Ó máa ń gbé báàgì mi, ó ń kí mi dáadáa, ó gbìyànjú láti dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ ìdána yín títí tó fi forí gbá àga. Ṣùgbọ́n ó dé láti ibi iṣẹ́, ó ní, "Hánà, kí lo kọ́ lónìí?" Ọmọ dákẹ́, òun náà wò ọ́ bí ọ̀gá tó wá yẹ ilé-ìwé wò, ó lọ jókòó. Ìwọ wọ kíṣìnnì, o ṣí omi ẹ̀rọ kó má baà gbọ́ ẹkún rẹ. Èmi gbọ́. Sìdí, ìwọ lo sọ fún mi lẹ́nu ara rẹ pé òfin wọn gbé kíkọ́ ọmọ lé bàbá lórí. Ṣé òfin bọ́tà nìkan ni ẹ ń pa mọ́ nílé yẹn ni? Òun ló gbọ́ Hébérù láti inú oyún, ìwọ ń kọ́ ọ pẹ̀lú ọmọ ni. Kó jí ṣáájú àkókò iṣẹ́ rẹ̀, kó gba Hébérù àárọ̀. Fi lẹ́tà yìí hàn án, kó rí i. Túmọ̀ gbogbo rẹ̀, má fo ibì kankan.

Ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ẹ wá àwọn ẹbí Júù míì tó ń kọ́ ọmọ nílé, ní sínágọ́gù yín, kódà kí wọ́n jìnnà díẹ̀. Kí ẹnìkan kọ́ gbogbo ọmọ ní Hébérù, kí ìwọ tí o jẹ́ nọ́ọ̀sì kọ́ wọn nípa ara èèyàn. Kí àwọn ọmọ máa jókòó ní méjì méjì, kí wọ́n máa jiyàn lórí ohun tí wọ́n kà. Dáníẹ́lì ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba òun ṣe ń kàwé, ariwo ni, bí ọjà. Hánà ò ní ẹni tó lè bá jiyàn àfi ìwọ, ìwọ sì ń pè é ní ìyájú.

Ọ̀rọ̀ ìjọba, má jẹ́ kó máa já ọ láyà. Lọ́yà tí ọkọ rẹ lọ bi léèrè ti sọ pé ní Illinois níbí, ilé tí òbí ti ń kọ́ ọmọ dà bí ilé-ìwé aládàáni lójú òfin, bí ẹ bá ti ń kọ́ wọn ní ohun tí àwọn ilé-ìwé yòókù ń kọ́, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, má jẹ́ kí àdúrà gba ibi ìṣirò, má jẹ́ kí Hébérù gbé sáyẹ́ǹsì mì. Kọ ọjọ́ sórí iṣẹ́ wọn, kó o sínú páálí. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, gbé páálí jáde, fún un ní tíì.

Nǹkan kan ṣì kù tí mo rí nílé rẹ, tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. O ń tún yàrá ìkàwé wọn ṣe, mo ṣa àwọn ìwé tó ti ya láti jù wọ́n nù. O sáré gbà wọ́n lọ́wọ́ mi, o ṣa àwọn tí orúkọ Ọlọ́run wà lára wọn sọ́tọ̀, o fi wọ́n sínú àpò aṣọ. O ní ẹ kì í jù wọ́n nù, ẹ máa ń sin wọ́n ni. Mo wọ yàrá, mo jókòó. Nígbà tí mo wà nílé kéwú, bí a bá fọ wàláà, pátákó tí a ń kọ kéwú sí, a kì í da omi rẹ̀ síbi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Áfáà á tẹ̀ lé wa lẹ́yìn, ó ń wo ibi tí à ń dà á sí. Mi ò kọ́ ọ ní ìyẹn rí, ọmọ mi. Ìdajì Fátíhà ni mo kọ́ ọ. Níbo lo ti wá rí i? Ọjọ́ yẹn ni ìbínú ẹ̀sìn kúrò nínú mi. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rá Sọ́ńdè yẹn fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ìwọ tó mọ bí a ṣe ń fi ọ̀wọ̀ gbé ìwé tó ti gbó sílẹ̀, o ò mọ bí a ṣe ń gbé oúnjẹ ìyá rẹ sílẹ̀?

Mo sọ ọ̀rọ̀ ìrẹsì náà fún Ìyáàfin Rọ́sì, ìyá arúgbó Júù tó ń gbé òkè ṣọ́ọ̀bù mi. Ó di káńtà mú, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bọ́tà! Rámà, o yọ edé, o yọ ẹja, o wá lọ fi bọ́tà sí i!" Ó ní kí n má sunkún, ìyàwó ọmọ òun kì í jẹun nílé òun náà, òun tí òun ti ń tan àbẹ́là Sábáàtì kí ìyá ìyàwó náà tó mọ ọkọ. Mo ní kòkò ẹran mi tí bọ́tà kàn ńkọ́? Ó ní, "Irin ni? Wọ́n máa ń fi omi híhó sè é ni, kó tún padà mọ́. Jẹ́ kó bi rábì rẹ̀." Ṣé o rí i? Kòkò tó ṣẹ̀ ní ọ̀nà àbọ̀wá. Ìyá tó ṣẹ̀ ni ò ní.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mo fẹ́. Bi rábì yín nípa kòkò náà. Mo ti kó gbogbo nǹkan tuntun yẹn sínú kọ́bọ́ọ̀dù kan lọ́tọ̀, mo ti ra kọ́kọ́rọ́ sí i. Hánà ni mo fẹ́ fún ní kọ́kọ́rọ́ náà. Òun ni kó jẹ́ ọ̀gá kíṣìnnì mi ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kó ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo kí n tó ṣí i, ìwé kíkà nìyẹn. Kó sọ orúkọ gbogbo nǹkan fún mi ní Yorùbá, bí kò bá mọ̀ ọ́n, èmi á sọ fún un. Bí mo bá na ọwọ́ sí bọ́tà, kó gbá ọwọ́ mi, kó kúnlẹ̀ lẹ́yìn náà. Yónà á máa ka ẹ̀wà. Bí rábì bá ní ẹran ṣì ń dẹ́rù ba òun, ẹ̀wà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni a ó máa jẹ, wọn ò ní pa wá.

Ìwọ, lọ sùn lọ́jọ́ náà.

Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì ti rẹ̀ mí. Èmi Rámátù, ìyá rẹ, tí mò ń pè ọ́ ní Àjíkẹ́ nígbà tí inú mi bá dùn, mo ṣì ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Àjíkẹ́, má jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ mí sí ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ bàjẹ́.

Kó Hánà àti Yónà jọ sídìí tẹlifóònù, kí o san gbèsè mi kí wọ́n máa gbọ́, kí o sì sọ fún mi bóyá wọ́n ń bọ̀. Màá ti kírun dé, màá jókòó tì í. Kó jẹ́ kí oòrùn tó wọ̀, nítorí bí o bá ti tan àbẹ́là Sábáàtì, o ò ní fọwọ́ kan tẹlifóònù mọ́, mi ò sì ní fẹ́ kí o fọwọ́ kàn án nítorí tèmi. Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni mò ń retí rẹ.